'Ìgbéga' Tàbí 'Ìpààrọ̀ Ọ̀ranyàn'?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2024, Microsoft fi òpin sí Mail, ètò ìfìwéránṣẹ́ tí ó bá Windows wá. Láti ìgbà náà, a kò lè fi í gba lẹ́tà tàbí fi í ránṣẹ́ mọ́; Outlook tuntun ni a ní kí aráyé máa lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ráhùn.

Atúmọ̀ èdè lè fẹ́ pe irú ìyípadà báyìí ní 'ìgbéga'. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ tẹnu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ti àtijọ́. A dábàá 'ìpààrọ̀', nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni ó sọ. Níbi tí kò bá sí àyè láti kọ̀, 'ìpààrọ̀ ọ̀ranyàn' ni. Ti oníṣòwò ni ìpolówó ọjà. Tiwa ni kí a pe nǹkan bí ó ti rí.