Ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi ní Kuje? Ẹ gbọ́ iye tó ń náni kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹnikẹ́ni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 rí, tí tírélà tó ń lọ sí Àpápá dí i níwájú, tí òmíràn dí i lẹ́yìn, á mọ ìdí tó fi ń wu ará Kuje láti gba orí omi. Omi ọ̀hún kò jìnnà. Ó ti ọ̀nà Badagry wá, ó gba ẹ̀yìn Festac àti Amuwo-Odofin kọjá, ó sì ń lọ sápá Àpápá àti Tarkwa Bay. Kò sí tírélà níbẹ̀, kò sí agbèrò, kò sí ẹni tó máa fi bọ́ńpà gbá yín lẹ́yìn.

Ìgbádùn tún wà níbẹ̀ o, ká má parọ́. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á kó kúlà àti súyà wọnú ọkọ̀, wọ́n á forí lé etíkun, orin á máa lọ, atẹ́gùn á máa fẹ́. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n fídíò tí wọ́n ń gbé sórí WhatsApp kì í fi rìsíìtì hàn. Rìsíìtì yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí ẹni tó ń dá àjọ kó lè ra ọkọ̀ tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iye tí wọ́n pe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tàn yín. Ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá. Èyí tó wọ́pọ̀ lórí omi wa ni irú tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour". Ẹ́ńjìnnì ogójì agbára ẹṣin lè mu lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Kó tó di May 29, 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó ₦200, owó epo wákàtí kan kò sì pé ₦3,000. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà ti di ₦488 l'Ékòó. Wákàtí kan náà di ₦7,320, láì tíì ka ọ́ìlì. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí iye epo gbà láti ìgbà yẹn, àbí kí n máa sọ ọ́?

Epo nìkan kọ́. Omi òkun ń wọ inú odò wa, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ irin. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ́ gbọ́dọ̀ fi omi tó mọ́ ṣan inú rẹ̀ lẹ́yìn ìrìnàjò. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ onígi, kòkòrò kan wà nínú omi oníyọ̀ tó ń gbẹ́ ihò sínú pákó láìjẹ́ kó hàn síta. Torí náà, ẹ ó máa gbé ọkọ̀ gòkè lóòrèkóòrè, ẹ ó máa dí ojú ibi tí pákó ti pàdé, ẹ ó sì fi ọ̀dà kùn ún.

Wàhálà tó tún wà ni ewéko alódòdó àlùkò yẹn. Kì í ṣe ojúoró tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i nínú odò Badagry, apá Porto-Novo ló sì ti ṣàn wọ̀lú. Nígbà òjò tí omi kò ní iyọ̀ púpọ̀, á bo ojú omi bí pápá. Á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, òun àti ọ̀rá omi píọ̀ wọ̀tà á dí ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń mú un tutù. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì kú sí àárín odò. Kò sí mẹkáníìkì níbẹ̀ o.

Ti ìjọba náà ń bẹ. Ó pẹ́ tí NIWA ti àpapọ̀ àti LASWA ti Èkó ti ń fa ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àṣẹ orí omi mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní January 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ti NIWA láre. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì pọn dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀, ọmọdé ń fẹ́ tirẹ̀ tó bá a mu, ẹ má fi ti àgbàlagbà wọ̀ ọ́. Ìrìn alẹ́ léèwọ̀.

Ẹlòmíràn á ní òun kúkú fẹ́ máa gbé inú ọkọ̀, torí owó ilé Festac. Wọ́n ń ṣe é ní London. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹni tí kò bá ní ibùdó tirẹ̀ lórí odò kò gbọ́dọ̀ dúró sójú kan ju ọjọ́ 14 lọ, òfin ọdún 1995 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Makoko tiwa kò gbé inú ọkọ̀, orí òpó ni wọ́n kọ́lé sí. Ilé ìwé tó léfòó lójú omi, tí Kunlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, parí ní 2013, òjò ńlá sì wó o ní June 2016. A dúpẹ́ pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Ohun tó bá ń léfòó ń fẹ́ àmójútó lójoojúmọ́. Ẹ tún bi ara yín níbi tẹ́ ẹ ó ti máa ya ìgbẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ pe ẹni mẹ́ta mẹ́rin jọ kẹ́ ẹ jọ dá a, kẹ́ ẹ sì fi owó àtúnṣe sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tún jọ sọ ọ̀rọ̀ alẹ́ dáadáa, torí olè ń jí ẹ́ńjìnnì: ẹ ní láti máa tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, kẹ́ ẹ gbé e wọlé. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 70. Ẹ pinnu ẹni tó máa rù ú kẹ́ ẹ tó sanwó.