Ọtí Pípọn Nínú Ilé: Agolo Òyìnbó àti Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ọ̀rọ̀ ọtí ni ó délẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ọtí báyìí, àwọn kan yóò ti fẹ́ dìde. Ẹ dákun, ẹ jókòó. Kì í ṣe mímu rẹ̀ ni a fẹ́ sọ. Pípọn rẹ̀ ni. Báwo ni ọkà ṣe ń di ọtí? Kí ni ó máa ń bà á jẹ́ mọ́ ẹni tí ó ń pọn ọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́? Ewu wo ni ó sì wà níbẹ̀? Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ọtí pàápàá yóò rí ohun tí yóò mú lọ sí kíláàsì rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìjọrà ni mo ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé Ìgànmú kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọdún 1946 ni a dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 1949 sì ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé-ọtí wọn ní Ìgànmú. Láti ìgbà náà ni bíà ti di ohun tí ń ti ẹnu géètì jáde nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀pọ̀ wa. Kò sí ẹni tí ó ń rò pé ó lè ti inú ilé ìdáná wá. Bẹ́ẹ̀, kí ilé-ọtí kankan tó dé Ìgànmú ni àwọn ìyá wa ti ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń fi ọkà bàbà pọn bùrùkùtù àti pítò.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni àpótí kan tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Agolo ńlá kan wà nínú rẹ̀, ohun dúdú kan tí ó ki bí oyin ni ó kún inú rẹ̀. Ìwúkàrà gbígbẹ wà nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ kan, ìwé ìlànà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé náà ní kí n po ohun inú agolo náà pọ̀ mọ́ omi gbígbóná àti ṣúgà kílò kan, kí n fi omi tútù kún un títí yóò fi pé lítà mẹ́tàlélógún, kí n wọ́n ìwúkàrà sí i, kí n sì máa wò ó. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ìlú òyìnbó nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti àtètèkọ́ṣe ni òfin ti fàyè gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1880 ni ẹni tí ó bá fẹ́ pọn bíà nínú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní láti gba ìwé àṣẹ, ọdún 1963 ni ìjọba tó mú ìwé àṣẹ náà kúrò. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tí ó yọ owó orí kúrò lára bíà tí ènìyàn bá pọn fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀.

Kí wá ni ohun dúdú inú agolo náà? Ìyá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa tí ó pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì tún ń pọn díẹ̀díẹ̀ bí ayẹyẹ bá ṣẹlẹ̀. Mo gbé agolo náà lọ bá a. Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó ní, “Tíṣà, omi ọkà híhù tí wọ́n ti sè títí tí ó fi ki mà nìyí. Ta ni ó wá bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀?” Òdodo ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Omi ọkà bálì tí ó ti hù ni, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ òdòdó kíkorò tí a ń pè ní hops, tí wọ́n sì fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọkà híhù yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ náà wà. Ìyá náà là á yé mi pé wọn a rẹ àgbàdo sínú omi fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọn a máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Wọn a wá tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́, wọn a fi ewé bò ó, wọn a sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Bí èhù bá ti yọ dáadáa, wọn a sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ kanrin, lẹ́yìn náà ni wọn a lọ̀ ọ́. Omi tútù ni wọ́n fi ń po èlùbọ́ rẹ̀, iná díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbé e kí wọn tó jẹ́ kí ó hó. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kì í fi omi híhó pò ó kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní, “Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní dùn. Ẹ̀kọ lásán ni yóò dà.”

Ìdí rẹ̀ nìyí. Oúnjẹ tí ọkà fi pamọ́ fún èhù rẹ̀ wà nínú hóró náà gẹ́gẹ́ bí sítáàṣì. Ìwúkàrà kò lè jẹ sítáàṣì. Ṣúgà ni ó ń jẹ. Nígbà tí ọkà bá mu omi tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù, àwọn èròjà tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù yóò jí dìde nínú rẹ̀, wọn yóò máa gé sítáàṣì náà wẹ́wẹ́ di ṣúgà kí èhù lè rí nǹkan jẹ. Ẹni tí ń pọntí a sá a sí oòrùn kí èhù tó jẹ oúnjẹ náà tán. Ooru díẹ̀díẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù fi ń ṣiṣẹ́. Omi híhó a máa pa á. Èyí ni ìyá yẹn mọ̀ láìdárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi han àwọn ọmọ yín. Ẹ se ògì kí ó ki dáadáa, ẹ bù ú sí abọ́ méjì, ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ sí nǹkan bí 60 ní ìwọ̀n Celsius. Ẹ da èlùbọ́ ọkà híhù díẹ̀ sí ọ̀kan, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ má da nǹkan kan sí èkejì. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, abọ́ tí ẹ da èlùbọ́ sí yóò ṣàn bí omi, èkejì yóò sì ki síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kò tún ní nílò kí a máa kọ ọ́ sójú pátákó fún un.

Kì í ṣe gbogbo ọkà ni ó rọrùn bákan náà. Sítáàṣì ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tí ó ju ti ọkà bálì lọ kí ó tó rọ̀, ooru náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ń pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀. Ìṣòro yìí ni àwọn ilé-ọtí wa kojú nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de mọ́ọ̀tì ọkà bálì tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ní ọdún 1988, tí ó di dandan kí wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo ilé. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń fi ìkòkò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ wá ń fi ẹ̀rọ wá ojútùú sí. Ewu kan tún wà lára ọkà bàbà tí kò yẹ kí n fò: oró sáyánáìdì máa ń wà nínú èhù àti gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń gbọn gbòǹgbò náà dànù bí ó bá ti gbẹ, tí a sì ń se omi rẹ̀ dáadáa. Ọkà èyíkéyìí tí ó bá bu nígbà tí ó ń hù, ẹ dà á nù. Sísè kì í pa oró èbu.

Nígbà tí omi dídùn bá ti tutù, ó ku ìwúkàrà. Ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń rú ìfóòfó sókè. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde nípa bíà ní ọdún 1876, ó sì ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí ó bá bá ìwúkàrà wọlé ni ó ń ba ọtí jẹ́. Ìdí nìyí tí ìmọ́tótó fi jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ní ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kò sí ẹni tí ń ra ìwúkàrà. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti àná tí ó kù nínú ìkòkò ni ó ń mú ti òní ṣiṣẹ́.

Mo wá padà sílé. Mo fọ kẹ́ẹ̀gì mi, mo fi omi gbígbóná ṣàn án, mo tẹ̀ lé ìwé ìlànà ní gbogbo ọ̀nà àfi méjì. Ìwé ní kí ooru ilé wà láàrin 18 sí 22. Níbo ni a ó ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìjọrà nínú oṣù kẹta? Ilé ìdáná mi tó 30. Ìwúkàrà inú ooru a máa sáré ju bí ó ti yẹ lọ, a sì máa mú òórùn burúkú wá. Tèmi ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù. Ní ọjọ́ kẹrin ìfóòfó rọlẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìwé ní kí n dúró kí n sì wọ̀n ọ́n, n kò dúró. Mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì bu ṣúgà ṣíbí ńlá kọ̀ọ̀kan sí wọn kí ó lè hó dáadáa.

Ní òru ọjọ́ kẹfà, ìgò àkọ́kọ́ bú. Kí n tó dìde, mẹ́ta ti bú. Àwọn ará ilé rò pé àwọn olè ni ó dé. Nígbà tí a tan iná, a rí àfọ́kù ìgò lórí ẹní tí ọmọ mi sùn lé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí orí rẹ̀. N kò sùn mọ́ ní òru ọjọ́ náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Ṣúgà tí ìwúkàrà kò tíì jẹ tán ṣì wà nínú ọtí náà. Mo tún fi kún un. Mo wá dé e pa. Afẹ́fẹ́ náà kò rí ọ̀nà àbájáde. Ìyá yẹn kò bú mi. Ó ní, “Ọtí tí ó bá ṣì ń sọ̀rọ̀, a kì í dé e. Ṣé o kò fetí sí i ni?”

Kí n tó sọ ti ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn kan lóhùn. Wọ́n a máa bèèrè bóyá ọtí ilé kò ní fọ́ ènìyàn lójú. Ọtí tí a fi ọkà pọn, tí a kò sè fún oru rẹ̀, kì í ní mẹ́tánọ́ọ̀lù púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògógóró yàtọ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù inú irú ọtí bẹ́ẹ̀ ni ó pa àwọn ènìyàn ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 2015, kì í ṣe ọtí ìkòkò. Ẹni tí ó ń kọ́ bíà pípọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọtí sísè.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú báfù omi, mo fi aṣọ tútù wé e bí a ti ń ṣe fún àmù, mo sì ń ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ẹja dídì ní Ìjọrà, mo ń sọ ọ́ sínú báfù náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ra haidirómítà, ohun-èlò onígò gbọọrọ tí ń léfòó sókè nínú omi ṣúgà, tí ó sì ń rì bí ṣúgà náà bá ti ń tán. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó fi 1040 hàn. Ní ọjọ́ keje kò sí ìfóòfó mọ́, ó fi 1014 hàn. Mo pe ìyá wá. Ó gbé etí lé ara kẹ́ẹ̀gì, ó dákẹ́ lọ gbọnrangandan, ó ní, “Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.” Ní ọjọ́ kọkànlá ó fi 1010 hàn, ní ọjọ́ kẹtàlá, 1010 náà ni. Ìyá tún gbé etí lé e. Ó ní ó ti sùn. Ìyàtọ̀ láàrin 1040 àti 1010 fi hàn pé ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdajì ṣíbí kékeré ni mo bu sí ìgò kọ̀ọ̀kan, mo kó gbogbo wọn sínú àpótí onígi tí ó ní ìdérí, mo sì gbé e jìnnà sí ibi tí ọmọ ń sùn. Ìgò kankan kò bú.

Nígbà tí mo fẹ́ da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì náà nù, ìyá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ti mú ìgò òfìfo kan wá láti ilé. Ó rọ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà sínú rẹ̀, ó fi ewé dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó ní àgbàdo òun ti ń hù nínú apẹ̀rẹ̀ láti àná.