Òǹkọ̀wé, Olùkọ́ àti Èfíkò: Isaac Asimov àti Iṣẹ́ Àlàyé

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí kì í fi ìwé sílẹ̀: èfíkò. Àwàdà wà nínú orúkọ náà, ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìlara sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Isaac Asimov, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní Rọ́ṣíà, ì bá fi tọwọ́tẹsẹ̀ gba orúkọ yìí. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni, olùkọ́ yunifásítì ni, kò sì fi ìfẹ́ àfẹ́jù tí ó ní sí ìmọ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn láti ya ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti fi hàn pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n, ìyẹn iṣẹ́ àlàyé, àti pé ibi tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ti ka àlàyé sí iṣẹ́ gidi ni ìgbésí ayé rẹ̀ ti yí padà.

Abúlé Petrovichi ni wọ́n bí i sí. Kò sí ìwé ẹ̀rí ìbí tó dájú, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ mú ọjọ́ 2, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní 1923 ni àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Júù, kó ẹbí wọn lọ sí New York. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Brooklyn níbi tí wọ́n ti ń ta súìtì àti ìwé ìròyìn, tilé-tọ̀nà ni wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ náà ti kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ìwé ìròyìn onítàn olówó pọ́ọ́kú kún orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n bàbá kò gbà kí ó kà wọ́n. Pàǹtírí ni wọ́n lójú tirẹ̀. Ọgbọ́n tí ọmọ náà dá ni pé ó fa ọ̀kan jáde tí ọ̀rọ̀ náà ‘sáyẹ́ǹsì’ wà lára orúkọ rẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bàbá gbà. Ẹ̀tàn ọmọdé ni, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí ó fi àgbà ṣe dà bí ẹni tó ń sa ipá kí ohun tí ó sọ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà lè di òótọ́.

Yunifásítì Columbia ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1939, ogun àgbáyé dá a dúró, ó sì di 1948 kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí fún oyè yìí, ó ń lo kẹ́míkà kan tó jẹ́ pé bó bá ti kan omi báyìí ni yóò yòrò. Ìbéèrè kan wá sí i lọ́kàn: kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí kẹ́míkà kan bá ń yòrò kí omi tó kàn án rárá? Láti inú ìbéèrè yìí ni ó ti kọ àwàdà kan tó múra bí àbọ̀ ìwádìí gidi. Ó ní tábìlì, ó ní gíráàfù, ó sì tọ́ka sí àwọn iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Thiotimoline ni ó pe kẹ́míkà àfinúrò náà. Ó bẹ olóòtú ìwé ìròyìn náà, John W. Campbell, pé kí ó fi orúkọ mìíràn tẹ̀ ẹ́, nítorí ìdánwò àfẹnusọ rẹ̀ ti sún mọ́lé, kò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé òun ń fi ìmọ̀ ṣẹ̀sín. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní òpin ìdánwò náà, lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè tó le, ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò ní kí ó wá sọ díẹ̀ fún àwọn nípa thiotimoline. Ẹ̀rín gbé e lọ. Ó ti yé e pé wọn kì í bá ẹni tí wọ́n fẹ́ dá padà ṣàwàdà.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fi ẹ̀rín parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí onímọ̀ lítíréṣọ̀ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìjálá kò lè sín in jẹ. Kí ènìyàn tó lè fi èdè ìwádìí ṣeré, ó ní láti mọ ìlànà rẹ̀ láti orí dé ìdí. Eré náà jẹ́ ẹ̀rí ìmọ̀, bí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè náà ṣe jẹ́ ẹ̀rí.

Ní 1949 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Boston nípa kẹ́mísírì ara ohun abẹ̀mí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan lórí rẹ̀ tó jáde ní 1952. Ó fẹ́ràn kí ó dúró níwájú kíláàsì. Yàrá ìwádìí ni kò wù ú. Ní 1955 wọ́n gbé e ga sí ipò tí a kò lè ṣàdédé yọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn èyí. Àwọn ọ̀gá fẹ́ ìwádìí, òun sì ń kọ ìwé fún gbogbo ayé. Èsì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, ni pé olùwádìí lásán bí àwọn yòókù ni òun lè jẹ́, ṣùgbọ́n nínú kíkọ ìwé sáyẹ́ǹsì, òun lè mú òkìkí bá yunifásítì náà. Ọ̀rọ̀ onígbéraga ni. Ó sì tún jẹ́ òótọ́. Ní 1958 wọ́n dá owó oṣù àti iṣẹ́ kíkọ́ni rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó jà fún orúkọ oyè rẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kí ó máa jẹ́ ẹ lọ. Ní 1979, ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Láti oṣù Bélú ọdún 1958 ni ó ti ń kọ àròkọ sáyẹ́ǹsì lóṣooṣù fún ìwé ìròyìn kan tó jẹ́ ti ìtàn àròsọ. Kí ó tó kú ní 1992, àròkọ náà ti pé 399. Ìwé tí ó kọ àti èyí tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ lé ní 400. Ó ń kọ̀wé lójoojúmọ́, ó ń bẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú, yàrá tí kò ní fèrèsé sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àmọ́ kò yẹ kí ìyìn bo àbùkù mọ́lẹ̀: ó wà lákọsílẹ̀ pé ó máa ń fọwọ́ kan àwọn obìnrin láìgbàṣẹ ní ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì, àwọn tó yí i ká sì ń fi í ṣe ẹ̀rín.

Bí olùkọ́ ṣe wà nínú òǹkọ̀wé náà hàn kedere nínú ‘Runaround’, ìtàn kan tó jáde ní 1942. Níbẹ̀ ni òfin mẹ́ta róbọ́ọ̀tì ti kọ́kọ́ wà lẹ́sẹẹsẹ: róbọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ṣe ènìyàn léṣe tàbí kí ó wòran nígbà tí ewu bá wu ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ènìyàn bá ní kí ó ṣe, bí kò bá ti ta ko òfin kìíní, ó sì gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀, bí kò bá ti ta ko méjì àkọ́kọ́. Orí pílánẹ́ẹ̀tì Mercury ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n rán róbọ́ọ̀tì kan, Speedy, kí ó lọ bu selenium wá, ṣùgbọ́n ewu wà níbi tí selenium náà wà. Ẹni tó rán an kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ àṣẹ náà. Róbọ́ọ̀tì olówó ńlá sì ni Speedy, nítorí náà àwọn tó ṣe é ti fún òfin kẹta lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá sún mọ́ ibẹ̀, ewu a lé e padà. Bó bá jìnnà, àṣẹ a tún fà á. Ibi tí agbára méjèèjì ti dọ́gba ni ó ti ń yí po bí ọ̀mùtí. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn náà fi ara rẹ̀ sínú ewu, òfin kìíní sì borí méjì yòókù.

Ẹni tó mọ àlọ́ onítàn yóò rí ohun tó jọ èèwọ̀ nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nínú àlọ́, ìjàpá máa ń rú èèwọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Speedy kò rú òfin kankan. Pípa tí ó pa gbogbo wọn mọ́ ni ó kó o sí ìyọnu. Bí ìbéèrè ìdánwò ni ìtàn náà ṣe rí: a ti fi gbogbo ohun tí a nílò hàn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú, ó kù kí ó ṣe ìṣirò.

Ìtàn rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ gan-an kúrú púpọ̀. ‘The Fun They Had’, tó jáde ní 1951, gbé wa lọ sí ọdún 2157. Ilé ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ ni olùkọ́ rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan, Margie, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ìwé oníbébà àtijọ́, wọ́n sì kà níbẹ̀ pé nígbà kan rí ènìyàn ni olùkọ́, àwọn ọmọ a sì péjọ sínú ilé kan. Margie jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ro bí ayé àwọn ọmọ ìgbà náà yóò ti dùn tó. Ṣùgbọ́n ní 1988, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú Bill Moyers lórí tẹlifíṣọ̀n, Asimov yin ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yóò wà nínú gbogbo ilé, tí a óò so ó mọ́ àwọn ilé ìkówèésí, tí kálukú yóò máa kọ́ ohun tó wù ú bó ṣe lè yá a sí. Èwo ni ó gbàgbọ́? Ó jọ pé àwọn méjèèjì ni. Olùkọ́ ló kọ ti 1951. Ọmọ tó jókòó ti pẹpẹ ìwé ìròyìn ní Brooklyn ló sọ ti 1988.

Ọdún 1938 tí Asimov kọ́kọ́ gbé ìtàn lọ bá Campbell ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ti D. O. Fágúnwà jáde. Olùkọ́ ni Fágúnwà náà. Wọn kò mọ ara wọn, ìrìn wọn kò sì papọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló gbà pé òǹkàwé tó fẹ́ gbádùn ìtàn kò kọ̀ kí a kọ́ òun. Ohun tó yàtọ̀ ni èdè tí wọ́n bá nílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí Asimov lò ti ní ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́pọ̀ yanturu. Ní ti Yorùbá, ó di 1970 kí Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ní láti kọ ìwé tí wọn yóò lò fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Speedy ní Yorùbá lónìí kò ní wá ọ̀rọ̀ fún òfin, àṣẹ tàbí ewu tì. Gbólóhùn tó máa gbà á lákòókò ni èyí tí yóò fi ṣàlàyé ìdí tí agbára méjì tó dọ́gba fi ń mú ohun kan yí po lójú kan. Inú irú ìwé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn ni yóò ti kọ́kọ́ wá a.