Ọmọ erè tó kọ oúnjẹ: ohun tí "họ́mónù ebi" kò lè ṣàlàyé

Ìròyìn tó gbòde ni pé ejò kò ní họ́mónù ebi. Àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá oríṣiríṣi ẹranko afàyàfà wò ló rí i pé jíìnì tó ń ṣe ghrelin, ìyẹn họ́mónù tí ikùn wa máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí a tó jẹun, ti parẹ́ tàbí ti bàjẹ́ lára àwọn ejò. Jíìnì kejì tó ń jẹ́ MBOAT4, èyí tó ń lẹ ọ̀rá mọ́ ghrelin kó tó lè ṣiṣẹ́, ti bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan agẹmọ pẹ̀lú.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń di "ebi kì í pa ejò" bó ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu, àti bí yóò ṣe dún létí ẹni tó ra ọmọ erè sínú yàrá rẹ̀ ní Texas tàbí Manchester, tó gbé eku síwájú rẹ̀ títí, tí ejò náà kàn ń wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀. Erè kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python, tó máa ń ká jọ roboto tí ẹ̀rù bá bà á, wà lára àwọn ejò tí wọ́n ń sìn jù lọ ní ìlú òyìnbó, ó sì lókìkí fún kíkọ oúnjẹ, pàápàá nígbà tó bá ṣì kéré. Tí a bá wá sọ fún olówó rẹ̀ pé ejò kò ní họ́mónù ebi, á ní, "Háà, abájọ!" Abájọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá wíjọ́.

Ọdún 1999 ni Masayasu Kojima, Kenji Kangawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan rí ghrelin nínú ikùn eku. Kì í ṣe ebi ni wọ́n ń wá. Ohun tó ń mú kí ara tú họ́mónù ìdàgbàsókè jáde ni wọ́n ń lépa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ìgbà tó yá ni a tó mọ̀ pé ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí àkókò oúnjẹ bá ń súnmọ́, pé ó máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, àti pé ẹni tí wọ́n bá gún ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ á jẹ ju bó ṣe máa ń jẹ lọ. Bí wọ́n ṣe fi í joyè họ́mónù ebi nìyẹn.

Oyè náà tóbi jù ú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mú kí wọ́n bí eku tí kò ní jíìnì ghrelin rárá nínú láàbù, ẹnikẹ́ni ì bá rò pé irú eku bẹ́ẹ̀ kò ní bìkítà fún oúnjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn eku náà jẹun, wọ́n dàgbà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn yòókù kò tó nǹkan. Ìgbà ìyàn ni ìyàtọ̀ tó hàn. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010, wọ́n gé oúnjẹ eku tí ghrelin rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ kù sí ìdá méjì nínú márùn-ún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀ débi pé ikú dé bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí àwọn tó ní ghrelin ń fara dà á. Ó jọ pé ṣíṣọ́ ìwọ̀nba agbára tó kù nínú ara jẹ́ iṣẹ́ ghrelin tó kíkígbe pé oúnjẹ dà, tàbí kó tilẹ̀ jù ú lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ohun tó ń yọ eku nínú ìyàn ni ẹranko tó wà lára àwọn tó mọ ààwẹ̀ gbà jù lọ sọ nù. Ìyá ball python tó bá yé ẹyin á ká mọ́ ọn fún nǹkan bí oṣù méjì láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Akọ rẹ̀ lè pa oúnjẹ tì fún oṣù mélòó kan tí àsìkò ìbálòpọ̀ bá dé, kí ara rẹ̀ má sì fi bẹ́ẹ̀ fà. Ó ní láti jẹ́ pé ejò ní ọgbọ́n mìíràn.

Stephen Secor àti Jared Diamond ló ṣí apá kan ọgbọ́n náà payá. Erè ńlá ilẹ̀ Burma ni wọ́n lò, àkójọ iṣẹ́ wọn sì jáde lọ́dún 1998. Tí erè bá ti gbààwẹ̀ pẹ́, ìfun rẹ̀ á rọ, á fún, ikùn rẹ̀ kò sì ní pèsè ásíìdì mọ́. Àfi bí ìyá olóńjẹ tó rí i pé oníbàárà kan ṣoṣo ló ń yà lóṣù, tó wá pa iná, tó da ìkòkò dé. Ọjọ́ tí ẹran bá wọlé, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Ásíìdì á padà dé, ìfun á wúwo tó ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, agbára tí ara ń jó lè di ìlọ́po 44 ti ìgbà tó ń sinmi. Lọ́dún 2005, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ọkàn erè náà máa ń fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo sí i láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo á tún sún kì.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ erè inú yàrá ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ jíjẹ jẹ́ ìnáwó ńlá fún ejò, ooru tó wà láyìíká rẹ̀ ló sì fi ń san án. Ejò kò lè mú ara rẹ̀ gbóná bíi tiwa. Tó bá gbé eku mì níbi tó tutù, eku náà lè jẹrà nínú rẹ̀ kó tó dà, ejò náà á sì pọ̀ ọ́. Ọmọ erè tó kọ oúnjẹ nínú àpótí tí kò gbóná tó, ọgbọ́n ló gbọ́n.

Ṣé ghrelin tó parẹ́ ló fa gbogbo èyí? Ó lè ní ọwọ́ níbẹ̀. Ẹranko tó ń ba sójú kan de ẹran, tó lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò nílò ohun tó máa tì í jáde láràárọ̀. Àmọ́ ejò tó ń rìn kiri ṣọdẹ lójoojúmọ́ náà pọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ nù. Jíìnì tó parẹ́ lára baba ńlá gbogbo ejò kò lè dá nìkan sọ ìdí tí ejò kan fi ń jẹ tí èkejì fi ń kọ̀. Èmi rò pé ohun tó ń ya ẹnu ejò wá láti ìta ju inú ikùn rẹ̀ lọ: òórùn, ooru, òkùnkùn àti ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ wo òórùn ná. Ní California, Stevan Arnold ṣe ìwádìí lórí irú ejò kan tí wọ́n ń pè ní garter snake. Àwọn tó wà létí òkun máa ń jẹ ìgbín tí kò ní ìkarahun. Àwọn tó wà ní òkè, níbi tí irú ìgbín bẹ́ẹ̀ kò sí, ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń jẹ. Arnold mú ọmọ tuntun àwọn méjèèjì, tí wọn ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu rí, ó gbé ìgbín fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ etí òkun jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ òkè kò fẹ́ fojú rí i. Ọmọ ejò a máa gbé ìmọ̀ nípa ohun tí í ṣe oúnjẹ wáyé.

Ti ball python wá ńkọ́? Nítòsí wa níbí ni ìdáhùn wà. Luca Luiselli àti Francesco Angelici ló kọ̀wé lọ́dún 1998 nípa àwọn tó wà nínú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn tí gígùn wọn kò tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ẹyẹ kéékèèké ni oúnjẹ wọn. Àwọn tó ti kọjá mítà kan ló ń jẹ eku àti irú rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹyin jáde kì í gùn tó ìdajì mítà. A ń gbé eku fún ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó ń jẹ ọmọ ẹyẹ, a wá ń sọ pé ebi kì í pa á! N kò sọ pé ìdí tí gbogbo wọn fi ń kọ oúnjẹ nìyí. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ball python ń jẹ eku láìjanpata. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin ín ti ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá fi ìyẹ́ tàbí awọ òròmọdìyẹ ra eku lára, òmíràn tó ti kọ̀ á gbé e.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Àwọn ihò kéékèèké wà ní ètè erè, wọ́n sì ń mọ ooru ara ẹran nínú òkùnkùn birimù. Lọ́dún 2010 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ náà ni TRPA1, èyí tó jẹ́ pé lára ènìyàn òun ló ń jẹ́ ká mọ títa mọ́sítádì. Nítorí náà, eku tó ti inú fírísà jáde, tó ti yọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì tutù, kò yàtọ̀ sí òkúta lójú ejò. Wọ́n máa ń fi eku náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n kì í bọ omi gbígbóná títí tí ara rẹ̀, pàápàá orí, yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti ẹran tó wà láàyè. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń dì í mú, kí ejò má bàa ṣi ooru ọwọ́ mú fún eku. Tó bá di alẹ́ ni kí wọ́n gbé e fún un. Eku ààyè ni kò yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: eku a máa ge ejò jẹ.

Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ti ejò yàtọ̀. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, oúnjẹ kò sì ríbi gbà. Ẹ rántí ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti wá. Láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Ghana ni wọ́n ti ń kó wọn lọ. Àwọn ọdẹ á gbẹ́ ihò, wọ́n á kó abo olóyún àti ẹyin wá sí oko, ẹyin á pa níbẹ̀, ọmọ á wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ball python tó ti kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́nà yìí láti ọdún 1975, Amẹ́ríkà ló sì ń gba púpọ̀ jù. Erè yìí kan náà ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní tẹ́ńpìlì erè ní ìlú Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀. Wọn kì í bá a fa ọ̀rọ̀ oúnjẹ níbẹ̀: wọ́n á jẹ́ kó jáde lálẹ́ kó lọ wá tirẹ̀, aládùúgbò tó bá bá a nínú ilé á sì gbé e padà wá jẹ́jẹ́.

Ọmọ tó dé yàrá tuntun nílò àpótí kékeré, ibi ìfarapamọ́ tó fún un mọ́ra, igun kan tó gbóná tó nǹkan bí 32°C àti igun kejì tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kò nílò kí wọ́n máa gbé e káàkiri fún àlejò. Oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń dúró di ìgbà tó bá bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kíní, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tó jáde nínú ẹyin. Títí dìgbà yẹn, pupa ẹyin tó kù nínú rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Eku tí wọ́n máa fún un kò gbọdọ̀ nípọn ju ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ lọ. Tó bá kọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí wọ́n tó tún dán an wò. Ẹni tó ń gbé eku síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ ń dẹ́rù bà á ni.

Fífi ipá ki oúnjẹ sí ejò lẹ́nu ni mo rí i pé àwọn kan ń sáré sí. Ó lè dá egbò sí i lẹ́nu, ó sì lè mú kó pọ oúnjẹ náà. Ìwọ̀n ló yẹ kí wọ́n máa wò, kì í ṣe iye ọjọ́. Ọmọ ball python sábà máa ń wọn bí 60 gíráàmù, sìkéèlì ilé ìdáná sì tó fún un. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró, tó ń mu omi, tó sì ń yọ ahọ́n bó ṣe yẹ, sùúrù ṣì gba ibẹ̀. Tó bá ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, tàbí tó ń ya ẹnu mí, tàbí tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eku gbígbóná. Dókítà ẹranko tó mọ ejò ló kàn, ọ̀pọ̀ dókítà ajá àti ológbò kì í sì í tọ́jú ejò, nítorí náà kí èèyàn ti mọ ilé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kó tó lọ ra ejò.