Àpótí Ìfọwọ́bà: Ohun Ìṣeré Olówó Pọ́ọ́kú fún Ọmọdé Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ kí ó wà láàárín ọmọdé àti àgbà ni òwe yìí kọ́kọ́ ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn tún fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ akèrègbè, tí ojú kò rí, ọwọ́ kékeré ni ó lè wọlé lọ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọmọdé jẹ́ ojú kejì fún un. Lórí òtítọ́ yìí ni ohun ìṣeré tí à ń pè ní àpótí ìfọwọ́bà dúró.

Kí ni àpótí ìfọwọ́bà? Ohun èlò fífẹ̀ kan ni, tí a da iyanrìn tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀, tí a sì ri oríṣiríṣi ohun kéékèèké mọ́ inú iyanrìn náà, kí ọmọdé lè máa fi ọwọ́ wá wọn. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ ọmọdé a máa ṣe é ní àkókò ọdún Halloween, tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ara ọdún Samhain, tí àwọn ará Ireland ayé àtijọ́ fi ń parí ìkórè, ni wọ́n gbà pé Halloween ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọdé a da aṣọ abàmì bora, wọn a sì fi ìbòjú bojú. Nínú àpótí ti àkókò yìí, ìrẹsì tí a pa láró ni ó sábà máa ń wà, pẹ̀lú aláǹtakùn oníke àti elégédé oníke.

Kò sí ìdí tí olùkọ́ ní Igbókòdá tàbí ní Ugbò yóò fi wá aláǹtakùn oníke kiri. Èso inú eré náà ni ó yẹ kí ó mú, kì í ṣe èèpo rẹ̀. Èso ọ̀hún ni pé ọmọ yóò ti ọwọ́ bọ ibi tí kò rí, ẹ̀rù yóò bà á díẹ̀, yóò mọ ohun tí ó bà, yóò sì dárúkọ rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nínú eré bojúbojú, ohun tí ó pamọ́ ni à ń wá. Nínú àlọ́ àpamọ̀ pẹ̀lú, a fi ọ̀rọ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀, ọgbọ́n orí ni ọmọ sì fi ń hú u jáde.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn ẹ̀kọ́ ti rí àǹfààní irú eré báyìí tipẹ́. Ní 1837, Friedrich Froebel dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní Jámánì. Bọ́ọ̀lù tí a fi òwú irun àgùntàn ṣe ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ohun ìṣeré tí ó ń fún àwọn ọmọ. Ní 1907, Maria Montessori ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Róòmù, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ mọ nǹkan nígbà tí a bá fi aṣọ bò wọ́n lójú. Ní Nàìjíríà, ìwé ìlànà ìjọba lórí ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní 1977 fi eré ṣe ọ̀nà tí ọmọdé yóò fi mọ nọ́ńbà, lẹ́tà, àwọ̀ àti ìrísí nǹkan.

Kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ìlàjẹ ju ibòmíràn lọ? Ní ọ̀pọ̀ ìlú odò níbẹ̀, orí òpó ni ilé wà, pákó ni ọ̀nà tí a ń tọ̀ láti ilé dé ilé, omi àti ẹrẹ̀ ni ó sì wà nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní àgbàlá tí yóò ti máa wa ilẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣeré nísàlẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò pè é padà, nítorí pé omi kò mọ ọmọ aláìgbọ́n. Ní Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ. Níbi tí ilẹ̀ ti ń dín kù, ọmọdé ni ibi ìṣeré rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Bí ọmọ kò bá rí ilẹ̀ lọ bá, ó yẹ kí a gbé ilẹ̀ wá bá ọmọ.

Àwọn ohun tí a nílò kò ju agbára òbí lọ. Àkọ́kọ́ ni ohun èlò: bàsíà àtijọ́, igbá ńlá, tàbí àpótí pákó tí àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi lè fi àjákù igi kàn. Kí jíjìn rẹ̀ tó ínṣì 6, kí ó sì fẹ̀ tó èyí tí ọmọ mẹ́rin lè yí ká. Èkejì ni iyanrìn etí òkun, láti ibi tí epo rọ̀bì kò ti kàn án. Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun tí a óò rì mọ́ ọn: ìkarahun ńláńlá, èèpo agbọn tí a fi sánpépà ra etí rẹ̀, ègé ọparun, ìko tí a dì ní ìdìpọ̀, àjákù ẹní, àti ègé pákó dídán.

Bí a ó ti ṣe é nìyí. Kí olùkọ́ jọ iyanrìn náà, kí ó fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Kí ó se àwọn ìkarahun nínú omi gbígbóná, kí òórùn ẹja lè kúrò lára wọn. Kí ó da iyanrìn sínú àpótí tó ínṣì 3, kí ó ri nǹkan bíi mẹ́jọ mọ́ ọn, kí ó sì fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò wá máa ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ńkọ́? Ó sàn kí a fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ rí oúnjẹ tí a sọ di ohun ìṣeré.

Ní ti àwọ̀, iyanrìn fúnra rẹ̀ funfun. A lè fi osùn kun ègé pákó kan kí ó pupa, kí a sì fi èédú kun òmíràn kí ó dúdú. Àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá, funfun, pupa àti dúdú, ti pé sínú àpótí kan láìná kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni iyọ̀ eré yìí. Àpótí tí ọmọ ń wa láìsí ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí iyanrìn etíkun lásán. Kí ọmọ tó fa nǹkan jáde ni kí olùkọ́ ti bi í pé: "Ṣé ó le ni àbí ó rọ̀? Ṣé ó ń yọ̀ ni àbí ó rí ṣákiṣàki? Ṣé ó wúwo ni àbí ó fúyẹ́?" Báyìí ni ọmọ yóò ṣe mọ̀ pé iyanrìn kúnná, pé inú ìkarahun ń dán, pé èèpo agbọn le koko. Lẹ́yìn náà, kí ó kà wọ́n: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Kí olùkọ́ má ṣe bá ọmọ wí bí ó bá fi ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ dáhùn. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ́lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀; ní Ìlàjẹ, ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ Ugbò ti fi hàn. Ọmọ tí ó pe nǹkan bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é kò ṣìnà. Kí olùkọ́ gba ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì fi ti àjùmọ̀lò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́; ọmọ yóò ní ọ̀rọ̀ méjì dípò ọ̀kan. Àwọn orúkọ ìkarahun, ẹja àti koríko odò tí a kò bá pè sí etí ọmọ lónìí, kò sí ìwé tí yóò bá a pè wọ́n lọ́la.

Ìkìlọ̀ kù díẹ̀. Kí a má ṣe fi ohun tí ó lè há ọmọ lọ́fun sínú àpótí, pàápàá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kí a má fi ohun tí etí rẹ̀ mú síbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, kí a má fi tipátipá ti ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí àgbà má fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Bí eré bá parí, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí a sì bo àpótí náà kí adìẹ àti ewúrẹ́ má bàa bà á jẹ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bàsíà iyanrìn kan kò lè dá òkun dúró, kò sì lè dá ilẹ̀ tí ó ti lọ padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ mọ ohun tí ó wà ní ìlú rẹ̀, tí ó sì mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, yóò gbé wọn dání lọ sí ibikíbi tí omi bá lé òbí rẹ̀ lọ.