Eyín Tí A Ń Gbìn Sínú Egungun: Ẹ Mọ Gbogbo Owó Rẹ̀ Kí Ẹ Tó La Ẹnu

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí eyín iwájú bá yọ lẹ́nu oníṣòwò, ọwọ́ ni yóò máa fi bo ẹnu rẹ́rìn-ín lójú oníbàárà. Bí ó bá ṣe olùkọ́ ni, ìyọnu tirẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fẹ́ pe "f" tàbí "s", afẹ́fẹ́ ni yóò máa súfèé jáde ní àlàfo náà, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa sín in jẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè nípa eyín tí àwọn dókítà ń gbìn sínú egungun, tí ó ń dúró gbọn-in bí eyín àbínibí.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Èló ni?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Èyí tí ó yẹ kí a béèrè ni pé, "Èló ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?" Ẹni tí kò bá béèrè báyìí lè rí ara rẹ̀ ní agbede méjì ọ̀nà: irin wà lẹ́nu, owó ti tán lápò, eyín kò sì tíì sí níbẹ̀.

OHUN TÍ EYÍN ÀGBÌN JẸ́

Eyín tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ní orí tí a ń rí, ó sì ní gbòǹgbò tí ó wọ inú egungun àgbọ̀n. Ohun mẹ́ta ni eyín àgbìn ní. Èkíní ni ìṣó kékeré tí a fi irin titanium ṣe, tí dókítà ń yí wọ inú egungun bí gbòǹgbò. Èkejì ni ọrùn tí a ń dè mọ́ ìṣó náà. Ẹ̀kẹta ni orí eyín tí a ó fi máa jẹun.

Ará Swídìn kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Per-Ingvar Brånemark, ni ó kíyè sí agbára titanium ní 1952. Ó fi í sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́, egungun ti dì mọ́ ọn pinpin. Ní 1965, ó gbin irú irin bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà fi jẹun títí ó fi kú ní 2006, èyí tí ó lé ní 40 ọdún. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI Ń LỌ

Àyẹ̀wò ni ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà yóò ya àwòrán X-ray láti mọ bí egungun ti nípọn tó. Bí ẹran ìdí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ wò sàn. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun pa mọ́ fún un: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá mímu, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Àtọ̀gbẹ tí a kò kápá àti sìgá kì í jẹ́ kí egungun tètè dì mọ́ irin. Ọmọ tí àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń dàgbà kò gbọdọ̀ ṣe é rárá.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọn yóò fi pa ibẹ̀ kú, kí ara má baà mọ ìrora. Dókítà yóò lu ihò kékeré sínú egungun, yóò sì yí ìṣó náà wọlé. Ẹni tí ó ṣe eyín kan máa ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ lè wú, kí ó sì máa dùn ún fún ọjọ́ díẹ̀. Ògì àti ẹ̀kọ ni kí ó máa jẹ, kí ó fi obì àti egungun ẹran sílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn èyí ni sùúrù kàn. Egungun ń fẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ó tó dì mọ́ irin dáadáa. Bí ó bá ti pẹ́ tí eyín náà ti yọ, egungun ibẹ̀ a ti fẹ́lẹ́, dókítà sì lè ní láti kọ́kọ́ fi kún un. Ìyẹn a máa fi oṣù kún oṣù, a sì máa fi owó kún owó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ó bá dì tán ni wọn yóò wọn ẹnu, tí wọn yóò ṣe orí eyín, tí wọn yóò sì dè é mọ́ ọrùn rẹ̀.

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ LỌ

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé owó ọjà nìkan kọ́ ni iye tí ọjà náń yín; owó ọkọ̀ àti owó alábàárù wà níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ eyín yìí rí. Owó àyẹ̀wò àti àwòrán wà, owó yíyọ eyín tí ó bàjẹ́ wà, owó fífi kún egungun wà fún ẹni tí ó bá kàn. Lẹ́yìn náà ni owó ìṣó, owó iṣẹ́ ọwọ́ dókítà, owó ọrùn, owó orí eyín, àti ti àyẹ̀wò ẹ̀yìn iṣẹ́.

Ká ní ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Gbági gbọ́ ìpolówó pé eyín àgbìn ti di ọ̀pọ̀, tí ó sì sáré lọ san owó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin wọ́n ní kí ó mú owó orí eyín wá, àṣé owó ìṣó nìkan ni wọ́n polówó! Owó tí ó yẹ kí ó fi ra ọjà ọdún ni yóò fi parí rẹ̀.

Òkè òkun ni púpọ̀ nínú irin yìí ti ń wá, dọ́là tàbí yúrò ni a sì fi ń rà á. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ padà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Ní 2024 ó kọjá 1,500. Ìdí nìyí tí eyín kan ṣoṣo fi di ọ̀rọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún náírà nílé wa. Àwọn ènìyàn wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù náà ń kígbe, nítorí 2,000 pọ́n-ùn sí 3,000 kò jẹ́ tuntun fún eyín kan níbẹ̀. Èyí ni àwọn mìíràn fi ń wá ṣe é nílé ní oṣù Kejìlá. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ oṣù mẹ́fà kò ṣeé ṣe tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi.

OHUN TÍ Ẹ Ó BÉÈRÈ

1. Ṣé orúkọ dókítà yìí wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, eyín mélòó ni ó sì ti gbìn rí?
2. Èló ni gbogbo rẹ̀? Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tirẹ̀.
3. Ìgbà wo ni a ó san èyí, ìgbà wo ni a ó san tọ̀hún?
4. Bí egungun bá kọ̀ tí kò dì mọ́ irin, ta ni yóò san owó àtúnṣe? Nínú 100 eyín àgbìn, ó ju 90 lọ tí ń dúró fún ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ìyókù yóò kàn.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

Kì í ṣe dandan ni eyín àgbìn. Eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ lálẹ́ wà, owó rẹ̀ sì kéré sí i púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa mì bí a bá ń jẹun. Èyí tí a ń gbé kọ́ sórí eyín méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo wà pẹ̀lú. Kìkì pé wọn yóò ní láti há eyín méjèèjì kí wọ́n tó gbé e lé wọn. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ẹ ti lè gba ìmọ̀ràn kí ẹ tó náwó.

Ẹni tí ó bá sì ti ṣe é, kí ó má sọ pé irin kì í jẹrà. Lóòótọ́ ni kòkòrò kò lè jẹ irin, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí lè ba ẹran àti egungun tí ó yí i ká jẹ́, kí gbogbo rẹ̀ sì yọ jáde. Ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì máa lọ fi han dókítà.

Èyí tí ó wà lẹ́nu yín nísinsìnyí kò ní oye. Bí ihò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára rẹ̀, ẹ tètè lọ dí i. Owó dídí ihò kò ju ìdá kékeré nínú owó gbígbin òmíràn, kò sì sí èyí tí dókítà lè gbìn tí ó dára tó ti àbínibí.