Ohun Tí Gbòǹgbò Àlùbọ́sà Ń Kọ́ Ọmọ Ilé-Ìwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àlùbọ́sà tí àwọn ìyá ń rà lọ́jà Kánò, Sókótó tàbí Jọ́ọ̀sì láti fi se ọbẹ̀, inú gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ń kọ́ báyọ́lọ́jì ti ń rí bí gbogbo ohun abẹ̀mí ṣe ń dàgbà.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ nírọ̀rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ìdí àlùbọ́sà lé ẹnu ife tí omi kún inú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbòǹgbò funfun yóò yọ. Ṣóńṣó gbòǹgbò yìí ni ìdàgbàsókè ti ń ṣẹlẹ̀, òun nìkan ni wọn yóò sì gé. Wọn yóò rì í sínú ọtí líle tí wọ́n da ásíìdì pọ̀ mọ́, kí gbogbo inú rẹ̀ lè dúró bí ó ti wà. Wọn yóò fi ásíìdì mìíràn mú un rọ̀, wọn yóò sì rẹ ẹ́ sínú omi aláwọ̀, bí alaró ti ń rẹ aṣọ, kí ohun tí ó fara pamọ́ lè hàn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sáàárín gíláàsì méjì, tí wọn yóò sì gbé e sábẹ́ maikirosíkópù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú yóò rí ni àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí ó tò bí bíríkì ara ògiri. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni kò tí ì bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí ìpele mẹ́rin. Ní ìpele kìn-ín-ní, tí ìwé ń pè ní prophase, àwọn fọ́nrán tí à ń pè ní krómósómù ń súnkì, wọ́n ń nípọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ méjì tí ó so mọ́ra bí ìbejì. Ní ìpele kejì, metaphase, gbogbo wọn tò sí àárín gbùngbùn, bí ọmọ ilé-ìwé tí ó tò lórí ìlà ní òwúrọ̀. Ní ìpele kẹta, anaphase, ìbejì ya ara wọn: ọ̀kan gba ìhín, ìkejì gba ọ̀hún. Ní ìpele kẹrin, telophase, kókó méjì ti jókòó sí ìkángun méjèèjì, ògiri tuntun sì ń là wọ́n láàárín. Krómósómù 16 ni ti àlùbọ́sà. 16 náà ni sẹ́ẹ̀lì tuntun kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ti ènìyàn jẹ́ 46.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń retí kí sẹ́ẹ̀lì máa pín lójú wọn. Kò lè pín mọ́: ásíìdì ti pa á. Bí àwòrán fótò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rí, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sì tò wọ́n tẹ̀léra. Bí ó bá kà wọ́n, yóò mọ̀ pé ìpele tí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí jù ni ó ń pẹ́ jù. Walther Flemming, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi sùúrù wo sẹ́ẹ̀lì salamander, ẹranko kan tí ó jọ alángbá, ó sì sọ ìpín yìí ní mitosis ní 1882.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Nípa ìpín yìí ni oyún fi ń di ọmọ, òun ni ó sì ń mú kí ọgbẹ́ jinná. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kọ òfin, tí ó ń pín láìdáwọ́ dúró, jẹjẹrẹ ni ó ń dà. Oògùn vincristine, tí wọ́n ń rí láti ara òdòdó kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbìn síwájú ilé, ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ìpele kejì yẹn gan-an ni ó ti ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é mu o. Májèlé ni òdòdó náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, bí ọmọ yín bá bèèrè àlùbọ́sà kan àti ife omi, ẹ má ṣe rò pé ó fẹ́ fi oúnjẹ ṣòfò. Ẹ fún un. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.